Ọjọ́ Tí Mo Ní Bàbá Àgbà Kó Lọ sí Barakallahu

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá tó bí bàbá mi kú ní Tudun Wada. Ìlọrin ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí àwa ọmọ sí, Hausa sì yá wa lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Òun gan-an ló kó bá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi ti ilé Bàbá àgbà dé, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Sáré lọ bá Ààfáà. Sọ fún wọn pé Bàbá ti papòdà. Kí wọ́n máa bọ̀ kíá."

Mo ń sáré lọ, mo ń tú ọ̀rọ̀ náà. Kéèyàn pa ipò dà, ṣebí kó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn ni? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé parí sí Barakallahu ní ìkángun Kàdúná, wọ́n ti ń bẹ Bàbá àgbà pé kí wọ́n wá máa bá àwọn gbé. Ó yé mi wàyí.

Ọ̀rẹ́ Bàbá àgbà láti kékeré ni Ààfáà yìí. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń mu kókó. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá mi ní Bàbá àgbà ti kó lọ."

"Kó lọ síbo?"

"Barakallahu sà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ kíá."

"Haba! Láì dágbére fún mi? Ẹni tá a jọ jẹun lánàá!"

Inú bí wọn, síbẹ̀ wọ́n ra búrẹ́dì ńlá kan láti fi kí ọ̀rẹ́ wọn kú oríire ilé tuntun. Wọ́n dá ọlọ́kadà dúró, ó di Barakallahu.

Nílé Bàbá àgbà, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, aṣọ funfun ti wà nílẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, Bàbá àgbà sì ti sọ pé Ààfáà yìí ni kó wẹ àwọn. Bàbá mi pè mí.

"Ààfáà dà?"

"Wọ́n ti lọ sí Barakallahu."

"Kí ni wọ́n wá lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Bàbá àgbà kó lọ ni?"

Ìyá àgbà, tó ti ń sunkún láti òwúrọ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi." Èmi ni mo wá ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ wá Ààfáà. Wọ́n bá Ààfáà lẹ́nu géètì ilé tuntun náà, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá, tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn: "Jáde! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀!" Nígbà tí wọ́n gbọ́ òótọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

A sin Bàbá àgbà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ààfáà pe gbogbo àwa ọmọ jọ.

"Yorùbá kì í sọ pé àgbà kú. Ọba wàjà. Àgbà papòdà, tàbí kó sùn. Bí ọ̀dọ́ bá lọ, a ó ní òfò ṣẹ̀."

Àbúrò mi bi wọ́n ní Hausa pé, ewúrẹ́ ńkọ́?

Ààfáà ronú díẹ̀. "Ewúrẹ́ kú ni jàre."