Màrìwò Tí Mo So Sójú Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Òórùn gúlù tí wọ́n fi ń lẹ túùbù kẹ̀kẹ́ kò dùn, mo mọ̀. Àmọ́ ibikíbi tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ṣe ni mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń gbé mi padà sí, nínú ọlidé ńlá, tí òjò òru ṣì ń kán tó, tó, tó láti etí páànù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ túùbù lé itan, mò ń fi òkúta ha ojú ibi tó ti jò kí gúlù lè mú un dáadáa. Màmá ń dín àkàrà lẹ́yìnkùlé. Òórùn méjèèjì dà pọ̀, mo sì ń fà á símú tìgbádùntìgbádùn.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn, ẹ ò lè gbàgbé ohun tí kẹ̀kẹ́ jẹ́. Kẹ̀kẹ́ bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn bó ṣe wù ú. Tiwa dúdú, ó ga, irin àárín rẹ̀ kàn mí láyà, Dádì sì máa ń fi àkísà àti ọ́ìlì nù ún ní gbogbo Sátidé kó tó nu bàtà ara rẹ̀. Tíṣà ni Dádì. Lọ́dún tí mo yege láti wọ ilé ìwé girama, ó ra alùpùpù, kẹ̀kẹ́ wá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó ń gùn ún. Ìjà dé nìyẹn. Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, ní òun ni àkọ́bí, òun ló ni ín. Èmi náà ní ilé ìwé tuntun mi jìnnà, ẹsẹ̀ ni mo sì máa fi rìn ín lójoojúmọ́. Màmá tún dá sí i: "Ọmọbìnrin lórí kẹ̀kẹ́ gíga yẹn? Dúpẹ́, má dójú tì mí láàárín ìgboro o." Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ láyé yìí tó kẹ̀kẹ́ náà.

Dádì kì í yanjú ọ̀rọ̀ bíi tàwọn bàbá yòókù. Ó ní ká fi eré dù ú. Ká gba ọ̀nà oko, kì í ṣe ojú títì tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń sáré, ká dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ká gba obì lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ifẹ̀, ká sì gbé e padà wálé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé obì dé ló ni kẹ̀kẹ́. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Oúnjẹ rẹ, omi rẹ, ohun tí o máa fi lẹ táyà, ìwọ ni kí o gbé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìta, àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Délé mẹ́ta ní àwọn náà máa bá wa gùn ún, kí àwọn kàn fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìmúra yẹn dùn mọ́ mi ju Kérésì lọ. "Ta ló máa bá ẹ ṣe é lọ́nà?" Ọ̀rọ̀ Dádì nìyẹn láti kékeré wa. Bí o bá gbàgbé agboòrùn sílé, tàbí o ò gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ kí o tó lọ sílé ìwé, ohun tó máa bi ọ́ nìyẹn, kò ní í gbé ohùn sókè. Nítorí náà, mo gé túùbù tó ti gbó wẹ́wẹ́ fún lílẹ̀. Mo kó síbí irin méjì tí màá fi yọ táyà nínú irin rẹ̀, Màmá sì ń wá síbí náà káàkiri ilé, ó ń pariwo pé eku ti ń jẹ irin nílé òun. Mo fi rọ́bà so póńpù mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Mo di gàrí wa tó kan dáadáa sínú ọ̀rá, mo fi ẹ̀pà àti ṣúgà onígun sí i. Mo tú táyà ẹ̀yìn, mo dè é padà, mo tún tú u, títí mo fi lè ṣe é láìwo ọwọ́ mi.

Bọ̀dá Délé kò múra rárá, ẹnu ló ń fi ṣe tiẹ̀. Nítorí pé mo kúrú, mi ò lè jókòó sórí àga kẹ̀kẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó pẹ́dà, ṣe ni mo máa ń ti ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin àárín kọjá, tí màá wá dorí kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wá wo alákàn tó ń gun kẹ̀kẹ́ o!" Báyìí ló ṣe máa ń kígbe, tí gbogbo ìta á fi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa gbé ẹrù irin yẹn lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, pé òun máa háyà èyí tó fúyẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Ìyá Àgbà, ìyá Dádì tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló kọ́ mi ní ọ̀nà. Nígbà tó wà lọ́mọge, ẹní ló ń rù lọ tà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń lọ. Ó ti ìka bọ omi, ó ya gbogbo ọ̀nà náà sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀: ibi odò, ibi igi ọsàn, ibi oríta mẹ́ta tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́, á tún un yà, á sì ní kí èmi náà yà á. "Àbẹ̀kẹ́," oríkì mi ló fi ń pè mí, ẹnu Ìjẹ̀bú ló sì fi ń pe 'ìwọ' ní 'wẹ́', "ọ̀nà tí wẹ́ ò bá gbà, já ewé sí i lẹ́nu. Bí wẹ́ bá ń bọ̀, ewé á sọ fún ẹ." Ó ní báwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn bí àwọn bá pọ̀ lọ́nà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má bàa ṣìnà.

Èmi wá rò pé mo gbọ́n ju ìyá arúgbó lọ. Ewé tútù, mo ní ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, ó sì jọ gbogbo ewé tó kù nínú igbó. Kí ló ń tàn yanran téèyàn lè rí láti òkèèrè? Màrìwò! Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, èmi ò mọ màrìwò fún nǹkan mìíràn ju ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tí a máa ń jù ú sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a ó máa kọrin Hòsánà. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré, mo já màrìwò lára àwọn ọ̀pẹ kéékèèké ẹ̀bá ọ̀nà, mo gun kẹ̀kẹ́ wọ oko, gbogbo ẹnu ọ̀nà tí mi ò gbọdọ̀ gbà ni mo so ó mọ́, láti igi dé igi. Ó dára lójú mi bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Oṣù Agẹmọ la wà o, ìgbà tí òrìṣà tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ eré, àwọn ọkùnrin ti fi mí sílẹ̀ kí a tó kúrò ládùúgbò. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn bí alákàn mi, mò ń làágùn, mò ń kọrin. Ìgbà tí mo dé oríta mẹ́ta ni mo bá gbogbo wọn lórí ìdúró, kẹ̀kẹ́ wọn nílẹ̀, ẹ̀rù hàn lójú wọn. Ọ̀nà apá òsì ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n ní ẹnì kan sọ fún wọn pé ó yá, màrìwò mi sì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. "Wọ́n ti ti ọ̀nà!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Agẹmọ ń bọ̀!" Bọ̀dá Délé rí mi, ó figbe ta: "Dúpẹ́, padà! Ìwọ ni obìnrin, ìwọ gan-an ni kò gbọdọ̀ rí i!"

Ẹ̀rín pa mí. Mo kọ́kọ́ rín in tán ná, mo wá ní, "Èmi ni mo so ó!" Àmọ́ ta ló ń gbọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fò sórí kẹ̀kẹ́, eruku wọn ni mo rí. Bọ̀dá Délé náà tẹ̀ lé wọn, ó ń wẹ̀yìn, ó ń pè mí, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi. Nígbà tí mi ò rí òun náà mọ́, mo kó sí apá ọ̀tún, mò ń lọ ní tèmi.

Mi ò tíì gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi nìkan, igbó tútù, ẹyẹ, àti kẹ̀kẹ́ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣéènì bọ́ kúrò lórí eyín rẹ̀, mo dá a padà. Ẹ̀gún gún táyà iwájú, mo yọ síbí Màmá, mo lẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ ẹ. Létí odò ni mo ti rẹ gàrí, ó tutù dénú egungun. Nígbà tí mo yọ sí Ìyá Ifẹ̀, ó ń ro ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, ó fi síbí igi sílẹ̀, ó ń wò mí. "Ọmọ Tíṣà, ta ló gbé ẹ wá?" Mo ní kò sẹ́ni. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ kún àwo fún mi, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ lórí rẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, òfin ò gbà á." Ó ní, "Òfin ta ni?" Mo gba obì, mo kúnlẹ̀, mo sá jáde kí n má bàa sunkún nítorí oúnjẹ.

Mo ti ń padà bọ̀, mo ti dé oríta mẹ́ta, nígbà tí mo gbọ́ ohùn nínú ọ̀nà tí mo fi màrìwò dí. "Dúpẹ́ o! Dúpẹ́!" Ohùn náà ti há. Bọ̀dá Délé ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé, òun padà wá. Ó rò pé wọ́n ti gbé mi wọ ibi màrìwò, òun náà wá kó wọ ibẹ̀ lọ wá mi, títí ó fi rì sínú àbàtà. Ẹrẹ̀ bò ó dé itan, táyà rẹ̀ ti bẹ́, kò ní póńpù, kò ní nǹkan kan. Nígbà tó rí mi, ó kàn jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Wọ́n ò ṣe ẹ́ ní nǹkan? Wọ́n ò ṣe ẹ́ ní nǹkan?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń pè mí ní alákàn. Ẹ̀rù ń bà á ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ ó wọ ibẹ̀ lọ. Mo rántí òfin Dádì, mi ò ní í purọ́, mo rántí rẹ̀ dáadáa: bí mo bá ràn án lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo obì tó wà nínú àpò mi. Mo wá jókòó tì í, mo yọ síbí méjèèjì, mo sì fi ìwọ̀nba túùbù tó kù sí mi lọ́wọ́ lẹ táyà rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Délé ti sọ nílé pé àwọn fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ Agẹmọ, ilé sì ti dàrú kí a tó dé. Màmá wà nílẹ̀, àwọn obìnrin dì í mú. Dádì ń tẹ alùpùpù kó lè jí, kò jí. Bàbá olórí àdúgbò wa ti wá jókòó, ojú rẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n rí wa, ariwo sọ! Màmá gbá mi mọ́ra, ó gbá mi létí, ó tún gbá mi mọ́ra. Mo wólẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, pé èmi ni mo so màrìwò, pé kí n má bàa ṣìnà ni. Bàbá olórí àdúgbò ń wò mí, ó ń wò mí, ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà," ó ní, "ọmọ rẹ ti ti ọ̀nà ìlú pa! Ẹ lọ tú u kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn àgbẹ̀ lè rọ́nà wálé." Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ń patẹ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà: "Ewé ni mo wí! Ùwẹ ọmọ yìí, ewé ni mo wí!"

Nígbà tí èrò túká, mo gbé obì fún Dádì, mo sì sọ pé mo lẹ táyà Bọ̀dá Délé, mo ti rú òfin. Bọ̀dá Délé ló lọ gbé kẹ̀kẹ́ lára ògiri, ó sì tì í wá bá mi. "Gba kẹ̀kẹ́ rẹ, alákàn." Dádì wo àwa méjèèjì, ẹrẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ni mò ń bi yín, ta ló máa bá yín ṣe é lọ́nà," ó ní. "Ó dáa. Mi ò ní í bi yín mọ́." Lóòótọ́, kò bi wá mọ́ títí ó fi fayé sílẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Bọ̀dá Délé kọ́ ilé sí ẹ̀yìn Ibefun, ó ní kí n wá wò ó. Mo gbé ọkọ̀ láti Èkó, fóònù ń darí mi, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lọ tí mo sì dé oríta kan nínú igbó. Mo jókòó sínú ọkọ̀, àyà mi ń já. Táyà ìpààrọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Omi tí mo rà ti tán. Mo ronú kan ọmọ ọdún méjìlá yẹn, tó ní síbí méjì àti gàrí, tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, ojú sì tì mí níwájú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo wo iwájú dáadáa. Lẹ́nu ọ̀nà apá òsì, ẹnì kan ti já ewé tútù, ó tò ó sílẹ̀ láti etí dé etí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró tì í, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Mo gba apá ọ̀tún. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun dúró níwájú géètì, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Alákàn, káàbọ̀," ó ní. "O rí i pé ewé lásán ni mo lò. Mi ò fẹ́ kí ará Ibefun sá kúrò nílùú."