Ibi Tí Fèbé Ń Sá Ẹ̀gẹ́ Sí

Lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọkọ Fèbé, Tísà Jeremáyà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara mọ́tò ìjàpá rẹ̀ àtijọ́ ṣe lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Orí mọ́tò yẹn ni Fèbé ń sá ẹ̀gẹ́ sí, torí ewúrẹ́ kò lè dé ibẹ̀. Bí mọ́tò bá lọ, ibo ni yóò sá a sí?

Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Bí Tísà bá ti lu páànù tó tẹ̀, tó fi sáńpépà fá a, yóò ní kí Fèbé fọwọ́ pa á wò.

“Bàbá Ọpẹ́, ó ṣì wú díẹ̀.”

Tísà á tún un ṣe. Oṣù mẹ́rin kọjá.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Fèbé dijú, ó fà á lọ́wọ́. Fèbé fọwọ́ pa ibi tó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé, ó mí kanlẹ̀.

“Ó mà ṣì wú o.”

“Lajú, Ìyá Ọpẹ́.”

Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ tuntun ni, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

“Ṣé kí n lù ú?”

Fèbé tún aṣọ ró. “Ẹ ti rí ibòmíràn tí mo lè sá ẹ̀gẹ́ sí ni?”

Tísà rẹ́rìn-ín títí. Ó kun gbogbo mọ́tò náà ní búlúù, àfi orí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Fèbé ní kó rọra wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹ̀gẹ́ kò tíì gbẹ.