Ẹni Tí Kì í Dáhùn Àlàáfíà Lásán

Ọjọ́ tí Ṣéhù elépo kọ̀ láti tajà nítorí pé wọ́n gé orí ọ̀rọ̀ kan ni ìlú Òde-Ayé fi ń rántí rẹ̀ jù. Khalilullah, oníbàárà rẹ̀ láti Kánò, ti gbé ọkọ̀ dé, àwọn alábàárù sì ti ká ọwọ́ aṣọ sókè.

"Lafiya, Bàbá?"

Ṣéhù jókòó lé kẹ́ẹ̀gì epo tó wà níwájú. "Ìyókù dà?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Àlàáfíà ló ń jẹ́. Ta ló gé orí rẹ̀?"

Khalilullah, tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Òde-Ayé lọ, rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí bàbá mi ṣe fún mi nìyẹn."

"Wọ́n rẹ́ bàbá rẹ jẹ ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò kún."

Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó kúrò nílẹ̀ títí Khalilullah fi pe ọ̀rọ̀ náà tòun ti orí. Inú Ṣéhù dùn débi pé ó fi kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣe èènì fún un. Láti ọjọ́ náà, kí Khalilullah tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ti máa ń kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n Ṣéhù kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni wàá ní, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó lẹ́yìn rẹ. Ṣéhù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Catherine tó ń kiri àkàrà kò tètè mọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbàdí tó ń ro ó, ó gba ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọ nù, ó dé orí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó tí kì í pè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àkàrà mi ń tutù. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

"Bí o kò bá fẹ́ èsì, kí lo béèrè sí?"

Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó sì tẹ́jú ju èyí tó wà níwájú ilé lọ.

Ṣéhù máa ń fọ́nnu pé Òde-Ayé ni wọ́n ti bí àlàáfíà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hàwáù, tó kọ́ èdè Lárúbáwá ní yunifásítì, ló já irọ́ náà.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti wá. Ìlera ni lọ́dọ̀ wọn. Òun náà ni àwọn tó ń sọ Súwàhílì ń pè ní afya. Ní Tọ́kì, ẹni tó ń jẹun ni wọ́n ń wí i fún."

"Àwọn yẹn mọ ibi tó ń gbé."

"Àwa la wá fi ìrẹ́pọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ kún un. Ṣé ẹ gbà báyìí pé kì í ṣe Òde-Ayé ni wọ́n ti bí i?"

"Mo gbà, ọma mi. Ọ̀hún ni wọ́n ti bí i. Òde-Ayé ló ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́."

Ti Philemon nìkan ni kò pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ Ṣéhù ni láti kékeré, ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn. Nígbà tí Juliet ìyàwó Philemon kú, ìjọ rẹ̀ pé sílé. Ṣéhù wọlé.

"Philemon, ṣé àlàáfíà ni?"

Philemon, alàgbà ìjọ, gbójú sókè. "Àlàáfíà ni."

"Irọ́ ni!" Ṣéhù lọgun láàárín àwọn aláṣọ dúdú. "Wo ojú rẹ! Wo irùngbọ̀n rẹ!"

Wọ́n tì í síta. Philemon kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Ṣéhù bá kí i lórí ògiri, yóò wọlé, yóò ti fèrèsé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Ṣéhù bóyá àlàáfíà ni, ọ̀rọ̀ Philemon ló ń kọ́kọ́ sọ. Ìbàdí di ìkejì.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Àwọn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wá kí i, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Philemon wọlé, ó jókòó ti ibùsùn.

"Ṣéhù, ṣé àlàáfíà ni?"

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dáhùn. Èyí tí o fún mi níjelòó, mi ò gbà á."

"Rárá," Philemon wí. "Kì í ṣe àlàáfíà." Ó ní iṣu ẹni méjì lòun ṣì ń gbé kaná. Ó ní òun kò lè sùn sí apá ibùsùn tó jẹ́ ti Juliet. Ó ní àwọn ará ìjọ ní kí òun máa yọ̀. Ṣéhù kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Hàwáù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì rí ẹni tó parí ọ̀rọ̀ níwájú bàbá òun rí.

"Ó dáa," Ṣéhù wí. "Wá bi mí."

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ti àwọn Lárúbáwá ti tán lára mi. Tiwa ti dé. Àlàáfíà ni, Philemon."

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, gbogbo wọn ní ẹni àlàáfíà ni. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Philemon ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé Ṣéhù láràárọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Catherine ń kọjá lọ pẹ̀lú àkàrà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá," Philemon wí.

Catherine wo àkàrà. Ó wo ọ̀nà. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó.