Ọ̀dà Ilẹ̀kùn Lẹ́nu Sípíkà

Ọmọ ọmọ mi ló ń kun ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lánàá. Bí òórùn ọ̀dà ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo gbé ìrẹsì tí mò ń ṣà sílẹ̀, mo kàn jókòó. Ó bi mí bóyá òórùn náà ń pọ̀ jù fún mi. Mo ní rárá o, wòlímọ̀ Sídí ni mo rántí. Ó wò mí títí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò bá a wí, nítorí òun kò bá sípíkà aláwọ̀ ewé nílé wa.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, agboolé wa lẹ́yìn ọjà Ìpàtà kún fún ọmọ débi pé bí wọ́n bá pe Àmínátù kan, Àmínátù mélòó kan ló ń dáhùn. Láàárọ̀, ilé kéú ni gbogbo wa ń gbà lọ, wáláà lábẹ́ apá, tàdáà tí a fi ń kọ ọ́ á sì ti kùn wá níka kí ẹ̀kọ tó kàn wá lẹ́nu. Èmi àti Sídí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, la jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ó jù mí lọ díẹ̀, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ fíìfíì. Ohun kan ló ń dà á láàmú: ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá ti ń ké Kùránì, àwọn ọmọ kéú á máa gbá etí ara wọn bí ẹni ń lé ẹ̀fọn.

Èyí tó tún mú un le ni pé olóhùn ni ìyá tó bí i. Àwọn tó mọ Àǹtí Àlíà sọ pé bí wọ́n bá ké síni láti ìdí kànga, àwọn aláta nínú ọjà á bojú wẹ̀yìn. Ohùn wọn wúwo, ó sì tutù. Ọlọ́jọ́ dé bá wọn nígbà tí Sídí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà, tó bí Àǹtí Àlíà àti bàbá mi, ò ti dárúkọ ọmọ wọn tó kú yìí mọ́, àwa náà ò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ níwájú wọn.

Nígbà tí ìgbéyàwó Sídí kù sí dẹ̀dẹ̀, wòlímọ̀ ló kàn, ọjọ́ tí ìyàwó tó ti parí Kùránì á jókòó láàárín èrò, á sì ké e sétí àwọn àna. Sídí ní òun ò ní í ké. Ó ní wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ wọ ilé ọkọ. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Bùọ̀dá Yínúsà, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń wa mọ́tò ẹrù, ló ṣàánú rẹ̀ jù. Àwọn ló ni sípíkà ńlá kan nínú àpótí pákó, tó ń lo bátìrì mọ́tò. Bébà inú rẹ̀, èyí tó máa ń gbọ̀n tí ohùn bá ń jáde, ti ṣá, eku sì ti tọ́ ọ wò létí. Bùọ̀dá rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní bí bébà bá nípọn, ohùn tó bá gbabẹ̀ jáde náà á nípọn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n rà l'Ọ́jà Tuntun fún ilẹ̀kùn ìta ṣẹ́ kù nínú agolo. Wọ́n kun bébà náà, wọ́n tún un kùn, títí agolo fi gbẹ. Wọ́n ní kí Sídí má mikàn, ohùn rẹ̀ á ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀dà ò tètè gbẹ, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò dán an wò títí ọjọ́ fi pé.

Alfa wa ló kọ́kọ́ gba máíkì. Ohùn Alfa tó máa ń dún ketekete wá ń jáde bí ohùn ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Wọ́n ń ṣàdúà, a ò mọ ibi tí àdúà ń parí sí, àmín wa sì ń bọ́ síbi tí kò yẹ. Àwọn àna ń wojú ara wọn. Bùọ̀dá Yínúsà ń nu òógùn, wọ́n ń gbá àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé máíkì fún Sídí, tó wé láwàní funfun.

Èmi wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nínú yàrá, nítorí ẹsẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n máa jáde mọ́. Sídí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ti jẹ ṣónṣó orí ohùn rẹ̀ tán. Èyí tó kù wúwo, ó tutù, ó ń rọra tinú àpótí bọ̀. Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

“Ta ló ń ké Kùránì yẹn?”

Mo ní Sídí ni.

“Ohùn Àlíà nìyẹn.”

Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn rí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di èjìká mi mú, a rọra ń rìn títí a fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo àgbà tó mọ Àǹtí Àlíà ti yíjú sí àpótí náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìyá mi ń fi etí gèlè nu ojú, wọ́n ń sọ pé Súbúhànáláhì. Sídí gbójú sókè, ó rí Ìyá Àgbà lórí ìdúró, ó sì ké e dópin láìkọsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Challenge fi Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dà ti di ẹrù lórí bébà, kò lè gbọ̀n bó ṣe yẹ mọ́, ohùn tó tín-ín-rín ló sì kọ́kọ́ ń pa. Ó ní kí wọ́n fi òmíràn sí i. Ìyá Àgbà ló kọ̀.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́ níṣojú mi.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi sípíkà tó ń ba ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn jẹ́ ṣe wòlímọ̀ wọnú àwọn ọdún 1990, tí Alfa sì máa ń ti máíkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á fi ẹnu lásán pariwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń sọ ìtàn Àlíà fún wa, oúnjẹ tó fẹ́ràn, bó ṣe máa ń jà sí omi kànga, títí wọ́n fi lọ bá a.

Ikán ti jẹ àpótí náà tipẹ́. Sípíkà ọmọ ọmọ mi kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ń dún ju tiwa lọ, mi ò ní í purọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe wòlímọ̀, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn ìyàwó lábẹ́ láwàní. Sídí náà ti dìyá àgbà. Nígbà tó pè mí lórí fóònù lálẹ́ àná, mo sọ fún un pé òórùn ọ̀dà gba ilé mi kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ti wá wúwo fúnra rẹ̀, ó sì tutù. Mi ò fojú rí Àǹtí Àlíà rí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín wọn.