Ìpè Ojú Fèrèsé

Ilé ìjọsìn ló tọ́ mi, òun náà ló rán mi nílé ìwé. N kò rí ohun tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju pé kí n máa wo àwọn tí kò ní ẹni tí yóò wò wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi wọ ẹgbẹ́ àbẹ̀wò ìjọ wa ní Ìkòsì. A máa ń gba yàrá fún àwọn tí ara wọn kò dá ṣáṣá ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ dá gbé. A kì í se oúnjẹ fún ẹni tó bá lè se é fúnra rẹ̀. A ó pọn omi, a ó bá wọn ra nǹkan lọ́jà, a ó sì fi ilé wọn sílẹ̀ fún wọn.

Màmá kan wà nínú wọn. Àpò àlùbọ́sà ni wọ́n ń rán ní Mile 12 kí ojú wọn tó fọ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí fírífírí. Síbẹ̀, nínú yàrá wọn, wọ́n mọ ibi tí iyọ̀ wà, wọ́n mọ ibi tí ìṣáná wà, wọ́n sì ń po ògì wọn láì jẹ́ kó ṣe kókó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló ń bá wọn gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú ni ẹgbẹ́ gba ìtọ́jú wọn.

Iṣẹ́ tèmi kò le. Kí n gba ojú fèrèsé wọn kọjá ní ìdájí, kí n pè wọ́n. Bí wọ́n bá dáhùn, àlàáfíà ni.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. "Màámi! Màámi, ẹ káàárọ̀ o!" Kò sí ìdáhùn. Mo pè léraléra. Obìnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Aunty, ẹ sún sẹ́yìn. Baálé mi, mú irin yẹn wá!"

Wọ́n já ilẹ̀kùn. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè.

"Ṣé olè ti ń wá ní àárọ̀ ni?" wọ́n béèrè.

Obìnrin náà pòṣé. "Màmá, àyà wa ti já tán, ẹ wá jókòó bí ìyàwó tó ń dúró de ọkọ!"

Mo kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ìpè mi ni, mà?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dáhùn?"

"Ta ni mo rí tí màá dáhùn?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ ìkìlọ̀ náà láti kékeré: bí o bá gbọ́ ìpè tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ìyá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kọ́ mi ní ìtàn ọmọ kékeré tó gbọ́ ìpè nínú ilé Ọlọ́run, tí kò rí ẹnikẹ́ni, tó sì dáhùn. Mo gba méjèèjì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ìpè wo ló fẹ́ dáhùn?

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Màmá fà mí mọ́ra. Ọmọ wọn máa ń ṣiṣẹ́ òru ní Magodo, wọ́n ní. Ìdájí ló máa ń dé, ojú fèrèsé yẹn náà ló sì ti máa ń pè wọ́n kí wọ́n ṣílẹ̀kùn: Màámi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọkọ̀ gbá a ní títì Kétu.

"Ó ṣì ń pè mí," ni wọ́n wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni?"

Olórí ẹgbẹ́ wa jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí a mú Màmá lọ sí Ìsẹ́yìn, sọ́dọ̀ àbúrò tí Màmá ní níbẹ̀.

Màmá ní, "Wọ́n á gbé mi jókòó síbì kan bí ẹrù. Ẹ jẹ́ n kú sínú yàrá tí mo mọ̀."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," mo bẹ olórí, "ẹ fún wa láyè díẹ̀."

Mi ò pe Màmá mọ́. Agádágodo ilé mi ni mo fi ń kan irin ojú fèrèsé. Màmá náà, bí a ti jọ ṣe àdéhùn, a fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù tánganran wọn. Ohùn kò sí níbẹ̀ rárá. Olórí wá fúnra wọn, wọ́n kan irin, kọ́ọ̀pù dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Màmá kò lọ sí Ìsẹ́yìn.

Lẹ́yìn òjò ìdájí kan, mo dé ojú fèrèsé. N kò tíì gbé ọwọ́ sókè tí mo fi gbọ́ ohùn Màmá nínú yàrá.

"Hẹ̀ẹ́n, ọmọ mi. Mo ti jí."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, n kò sì la ẹnu. Mo kan irin. Mo ń pe orúkọ Jésù nínú mi nígbà tí kọ́ọ̀pù wá dún.

Nígbà tí mo wọlé, ògì ń hó lórí sítóòfù.

"Màmá, ta lẹ dá lóhùn?"

Wọ́n po ògì náà títí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń pè. Ìyá wo ni kò ní dáhùn?" Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún olórí yín o. Wọ́n á ní n ò lè dá gbé mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún mi. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo padà lọ bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n gbà. Mo lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún olórí.

"Nígbà tí o kan irin, ṣé kọ́ọ̀pù dáhùn?"

"Ó dáhùn, mà."

"Ògì ńkọ́?"

"Kò jóná, mà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nílé wọn."

Màmá ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣì ń lọ ní ìdájí. Mo máa ń kan irin, màá sì dúró láìmí, títí tánganran yóò fi dún.