Àgùntàn Ẹ̀jẹ́ Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí di òní, nítorí bí kò bá sí àánú Rẹ̀ ni, ibòmíràn ni ìtàn yìí ì bá parí sí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, Agbowó là ń gbé, igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni bàbá mi. Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, oyún kan bàjẹ́ lára ìyá mi. Bàbá mi bá ra abo àgùntàn kan ní Mọníyà, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ mìíràn, àgùntàn náà la ó mú lọ síbi ìkórè.

Nítorí pé ẹran Ọlọ́run ni, ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí àgùntàn náà bí òkú ọmọ ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọwọ́ lásán ni ìyá mi fi kó ọmọ àti ibi rẹ̀ lọ bò mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dé, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òógùn á bò wọ́n, oríkèé ara á máa ro wọ́n. A sọ pé ibà lásán ni, a se àgbo. Nígbà tó yá, oyún kejì bàjẹ́ lára ìyá mi.

Ìgbà tí oyún kẹta dé ni ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí agogo ilé ẹ̀kọ́ bá ti lù, eré ni mo máa ń sá délé láti wò bóyá ìyá mi ṣì wà ní àlàáfíà. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa, dókítà ẹran tó ń gbé ní Bódìjà, wá kí bàbá mi. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́: àgùntàn ti tún bí òkú ọmọ. Ó wo ọwọ́ wọn, ó wo ikùn wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín."

Ó ṣàlàyé fún wa pé àìsàn kan wà tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tó ń mú kí oyún ẹran wálẹ̀. Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ àti ibi ẹran, tàbí wàrà tí a kò sè, ran ènìyàn. Ó ń mú ibà wá, ó sì lè ba oyún jẹ́. Ó ní kí ìyá mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí àgùntàn náà má sì sun ilé wa mọ́.

Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. "Ẹran ẹ̀jẹ́ ni. N kò lè gba ohun tí mo ti fún Ọlọ́run padà."

Ìyá mi kì í jiyàn níwájú àlejò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Tíṣà, bí mo bá gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú yín, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́?"

"Ọbẹ̀ tó ti kan kẹ̀? Láéláé!"

"Ẹran tó ń ṣàìsàn wá lẹ fẹ́ gbé fún Ọlọ́run?"

Àlejò wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi họrí. "Obìnrin yìí, o ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà náà ti mú àgùntàn lọ. Ní ọsibítù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Ìyá mi gba abẹ́rẹ́, wọ́n lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oyún àkọ́kọ́, a ò mọ ohun tó bà á jẹ́. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ni mò ń ṣọ́. Bí wọ́n bá kàn di ikùn mú, mo ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ wọn.

Oṣù rẹ̀ pé. Ọmọ náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà ilé kejì fi ní, "Èyí á ṣe agbèrò ní Ojòó!" Nígbà ìkórè, ẹrù iṣu ni bàbá mi fi orí ara wọn rù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lónìí, Agbowó ti di ilé lórí ilé, gbogbo ènìyàn ló sì ní fóònù lọ́wọ́. Síbẹ̀, lóṣù tó kọjá, mo rí aboyún kan tó ń fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí ewúrẹ́. Mo ké sí i láti ojú fèrèsé. Kò gbọ́. Mo fọ̀pá tilẹ̀ lọ bá a, ó fọwọ́, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ara mi ò tíì balẹ̀.

Ohun tí ẹ fi ìfẹ́ tọ́jú kò ní pa yín lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ ń retí ọmọ, igbe ọmọ tuntun lẹ ó fi etí ara yín gbọ́, lágbára Ọlọ́run. Àmín.