Akódà Tó Ru Ẹrù Àna Rẹ̀ Wọ Àtìkórí

Bí ẹ bá pàdé Bùsúyì Adéníran lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé gíga nìkan ni ìwé ẹ̀rí tí òun fi di akódà. Ìwé mẹ́fà kò gbà á. Iṣẹ́ káfíńtà tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ náà kò gbà á, nítorí kò sí àga tó kàn tí kì í da ẹni tó bá jókòó lé e nù. Nígbà tí káńsù ní àwọn ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò ṣe ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀, Àìná, Ìyá Ìjọ aládùúrà tí kì í fi àdúrà ṣeré, gbààwẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi funfun. Bùsúyì lọ dúró ti ògiri tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, ó sì ga ju àmì lọ. Bí wọ́n ṣe fún un ní ṣòkòtò kakí péńpé, fìlà, fèrè àti kóńdó nìyẹn, láì bi í bóyá ó máa ń sá fún ajá. Ó máa ń sá fún ajá.

Kò pẹ́ tó fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ló jẹ́ kí Àtìkórí, àdúgbò tí wọ́n fi í sí, máa sùn fọnfọn. Bí olè kò bá jà, òun ni. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ̀ ṣubú, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà jẹ́ òun. Lọ́jọ́ kan, obìnrin méjì ń jà nídìí kànga. Ó fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Ọ̀kan nínú wọn ní kó jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Àfìgbà tí ẹnì kan pariwo pé, "Ìyá Ìjọ ló ń bọ̀ yẹn o!" ni kálukú gbé korobá rẹ̀, tí wọ́n ń kí ara wọn pé ó dàárọ̀. Bùsúyì padà sí àgọ́, ó sọ fún Sàjẹ́ǹtì Adéṣọlá, ọ̀gá rẹ̀, pé òun ti parí ìjà náà. Kò purọ́ o. Ó gbà á gbọ́ ni.

Lákòókò yìí, ó ń fẹ́ Zipporah sọ́nà. Aránṣọ ni Zipporah, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Àtìkórí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ní òun gbà, Bùsúyì bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá Zipporah, Bàbá Ọládòṣù, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní Mámù àti alàgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó ti gba àwọn ẹbí ọkọ lálejò, ìdána nìkan ló kù. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Bùsúyì: kí ohunkóhun má ṣe mú kí bàbá náà yí ọkàn padà. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn dé ibi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ bí kò bá tíì rí i lóòjọ́.

Ọjọ́ kan ni Sàjẹ́ǹtì pè é. Ó ní èéfín ń rú létí odò lẹ́yìn Mámù, ẹnì kan ń se ògógóró tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má sè, kó lọ mú ẹni náà wá tòun ti irinṣẹ́ rẹ̀.

"Bí o bá padà wá lọ́wọ́ òfo," Sàjẹ́ǹtì ní, "bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí o tó wọlé."

Bùsúyì tọ òórùn náà dé etí odò. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná, ó kẹ́yìn sí i. Akódà wa fa ikùn mọ́nú, ó fa kóńdó yọ, ó sì bú ramúramù: "Dúró ńbẹ̀! Lórúkọ káńsù, mo mú ọ!"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Bàbá Ọládòṣù ni.

Orí Bùsúyì kò tíì ronú tí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, fìlà ìjọba yí lọ sínú omi, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Ọ̀daràn tó wá mú ló ń kí pé ó kú iṣẹ́!

"Dìde ńlẹ̀, ọkọ ọmọ mi," Bàbá ní. "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà lúlé?"

"Àlàáfíà ni, sà. Wọ́n rán mi ni, sà."

"Ta ni wọ́n rán ọ sí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ dákun, sà."

Bàbá wo iná, ó wo Bùsúyì tí ẹrẹ̀ bò títí dé irùngbọ̀n. Kò bínú. Ojú ló tì í. "Kòkó ò ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ni mo ṣe dán an wò. Ṣùgbọ́n uṣẹ́ rẹ lo wá ṣe. N ò lè fi ọmọ fún ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu uṣẹ́ nítorí mi. Jẹ́ ká máa lọ." Ó da omi sí iná, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé àgbá tó fi ń sè é ka orí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òfin káńsù ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yóò ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dé àgọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti bí ẹni tí yóò máa ju apá lọ ju apá bọ̀ lẹ́yìn bàbá ìyàwó tó ru àgbá? Bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́, ààwẹ̀ míràn tún dé nìyẹn. Bùsúyì bẹ Bàbá, ó gba àgbá, ó gbé e rù pẹ̀lú páìpù bàbà tó yọ síta bí ìwo. Kóńdó ń dí i lọ́wọ́, ó sì fi í fún Bàbá mú dání.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ Àtìkórí: akódà níwájú, kò ní fìlà, ẹrẹ̀ lára, ògógóró ń kán sí i lọ́rùn, àgbàlagbà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti kóńdó.

"Ẹ wá wò ó o! Wọ́n ti mú akódà!"

"Abájọ tó fi ń fọn fèrè kiri! Ó ti ń mu ún tipẹ́."

"Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ó sá lọ!"

Bàbá Ọládòṣù ń pariwo pé, "Èmi ni wọ́n mú! Èmi ni!" Wọ́n ní ẹ ò rí bí àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń ṣe àgbà. Àìná sáré jáde tòun ti agogo àdúrà, ó ń lé ẹ̀mí ọtí jáde lára ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Wọ́n dé iwájú ìsọ̀ Zipporah. Ó ti dúró síta. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àgbá, ó wo Bùsúyì. Bùsúyì mọ̀ pé ibí yìí ni ìyàwó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Zipporah," ó ní, "mo ti mú Bàbá."

"Mo rí i."

Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó ti ká aṣọ kan ní òṣùká. "Bẹ̀rẹ̀," ó ní. Bùsúyì bẹ̀rẹ̀, Zipporah ti òṣùká náà sábẹ́ àgbá lórí rẹ̀, ó tún un ṣe kó má baà gún un. "Ẹ máa lọ. Ó wúwo."

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́, Sàjẹ́ǹtì bi wọ́n pé ta ni ọ̀daràn nínú àwọn méjèèjì. Ẹnu àwọn méjèèjì kò, wọ́n ní, "Èmi ni."

Ẹjọ́ dé kóòtù ìbílẹ̀. Bùsúyì dúró ṣánṣán bí ẹlẹ́rìí. Adájọ́ bi í bóyá ó lo agbára láti mú ọkùnrin yìí wá.

"Rárá, sà," Bùsúyì dáhùn. "Òun ló mú mi wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Adájọ́ dá Bàbá lẹ́bi, ó ní kó san owó ìtanràn, ó wá bi í bóyá yóò tún sè é.

"Ká sòótọ́, Olúwa mi," Bàbá ní, "bó bá jẹ́ ti ìtanràn yín nìkan ni, ǹ bá tún dáná lọ́la. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi jẹ ẹ́, ọmọ yìí ló rù ú, wọ́n sì fi ẹ̀ṣẹ̀ mi bú u yí ìlú ká. Bí mo bá tún sè é, yóò tún rù ú. Mo mọ̀ ọ́n. N ò sè é mọ́."

Bùsúyì bú sẹ́kún, tòun ti aṣọ ìjọba lọ́rùn. Adájọ́ ní kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí jáde kó lọ fọ ojú rẹ̀, Bàbá Ọládòṣù ló sì dìde tó fà á lọ́wọ́.